"Embody" ní Yorùbá: ṣé "dúró fún" ni, àbí "ṣàpẹẹrẹ", àbí kí ni gan-an?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọkọ mi papòdà lóṣù tó kọjá, ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni wọ́n sì ní kí n bá wọn tú ìtàn ìgbésí ayé Màmá tí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, torí àwọn àgbà ilé àti àwọn ará ìjọ Màmá, Yorùbá ni wọ́n máa kà. Mo ti tú gbogbo ẹ̀ tán, ibi tí wọ́n bí wọn sí, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ ní Gbági, gbogbo ìyẹn ò le. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló há mi lọ́fun bí eegun ẹja: "Mama embodied patience."

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "Màmá dúró fún sùúrù." Mo kà á fún àbúrò bàbá ọkọ mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "Ta ló mú sùúrù tí ìyá yín fi lọ dúró fún un? Ṣé ó jẹ gbèsè ni?" Nígbà tí mo tún un kà, ohun tí èmi náà gbọ́ nìyẹn, àfi bíi pé wọ́n lọ gba bélì sùúrù ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo wá yí i sí "Màmá ṣàpẹẹrẹ sùúrù", wọ́n ní ìyẹn dà bí ìgbà tí tíṣà bá ya nǹkan sára bọ́ọ̀dù kí àwọn ọmọ lè rí i, tó bá wá ṣe tán á nù ún kúrò. Mo wò ó nínú fóònù, ohun kan náà ló ń gbé jáde, dúró fún, ṣàpẹẹrẹ, ṣojú fún, ọ̀rọ̀ tó gbé fún represent náà ló tún gbé fún symbolise.

Kí gan-an ni embody yìí, báwo ló ṣe yàtọ̀ sí àwọn yòókù, kí sì ni Yorùbá tí n máa fi síbẹ̀ tí àwọn àgbà máa gbọ́ tí orí wọn máa wú? Ìyá yìí tọ́jú mi ju bí mo ṣe lè ròyìn lọ, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ò gún wà lórí ìwé ìsìnkú wọn.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì:

Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ná. Body tí ẹ gbọ́ nínú ẹ̀ yẹn, ara ni. Em- tó wà níwájú ẹ̀, òun náà ló wà níwájú empower: empower, fún un lágbára, embody, fún un lára. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọ̀rọ̀ Látìnì kan, incorporare, ni wọ́n wò ṣe é, corpus tó wà nínú ìyẹn, ara náà ni. Ẹ̀mí tó wọ inú ara ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sọ, nígbà tó yá ni wọ́n wá ń lò ó fún èrò, ìwà, ìlànà, gbogbo nǹkan tí ojú ò rí tí ọwọ́ ò sì lè bà. Torí náà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ẹnì kan embody sùúrù, ohun tó ń sọ ni pé sùúrù tí ò lára tẹ́lẹ̀ ti rí ara gbé, ara ẹni yẹn sì ni.

Represent ò rí bẹ́ẹ̀. Represent, nǹkan gangan ò sí níbẹ̀, ẹlòmíì ló wà níbẹ̀ dípò ẹ̀. Lọ́yà ń represent oníbàárà ẹ̀, oníbàárà lè wà nílé tó ń sùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àwọn tí a dìbò yàn lọ ṣòfin ní aṣojú-ṣòfin, ojú wa ni wọ́n ń ṣe ní Àbújá, àwa ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni "dúró fún" àti "ṣojú fún" ti ṣiṣẹ́, bàbá yín ò sì jẹ̀bi rárá bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ.

Symbolise tún yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni ìdí ẹ̀, symbolon, láyé ọjọ́un èèyàn méjì á ṣẹ́ nǹkan kan sí méjì, oníkálukú á mú ààbọ̀ tiẹ̀ lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún pàdé tàbí tí wọ́n bá ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n á fi ààbọ̀ méjèèjì kanra, tó bá bára mu, àdéhùn ò yẹ̀ nìyẹn. Symbol, àdéhùn ni. Ẹ wo àsíá wa tí Táíwò Akínkúnmi yà ní 1959, tí wọ́n ta sókè ní October 1, 1960: àwọ̀ ewé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ ilẹ̀, funfun fún àlàáfíà. Kò sí ẹ̀gẹ́ kankan nínú aṣọ yẹn, kò sì sí àlàáfíà kankan nínú òwú ẹ̀, àwa la fẹnu kò pé bó ṣe máa jẹ́ nìyẹn. Àsíá ń symbolise, ẹ ò lè sọ pé ó embody iṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún roko tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti le bí èèpo igi, ìyẹn lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ SS2 mi bi ara wọn ni pé nǹkan tí à ń sọ yẹn dà, ibo ló wà? Tó bá wà níbòmíì, represent tàbí symbolise ni. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló wà, tó jẹ́ pé tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹni yẹn ẹ ti fọwọ́ kàn án, embody nìyẹn.

Ti gírámà ò pọ̀. Embody ò fẹ́ "of" lẹ́yìn, "she embodies of patience" ò dáa, àbọ̀ ẹ̀, ìyẹn object, máa ń tẹ̀ lé e tààrà ni. Embodiment tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń fẹ́ "of". Wọn kì í sì í sábà sọ pé "is embodying", torí kì í ṣe iṣẹ́ téèyàn ń ṣe lọ́wọ́, bí nǹkan ṣe rí ni.

Ògbufọ̀ Kọ́ọ̀tù:

Tíṣà ti sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé embody ní ìtumọ̀ míì tí kò ní sùúrù tàbí ìwà nínú o, kí ẹni tó bá ka ibí yìí má bàa gbé èyí tí kò yẹ lọ síbi tí kò yẹ. Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, tí ìwé bá sọ pé àdéhùn kan "is embodied in" ìwé kan, ohun tó ń sọ ni pé inú ìwé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó wà níbẹ̀ lákọsílẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1976, ìpín 102, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ pé òfin ò dáàbò bo èrò lásán, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀ tàbí kí wọ́n embody ẹ̀ sínú ẹ̀. Itumọ̀ ẹ̀ ni pé èrò tó wà lórí yín, ti gbogbo ayé ni, ọ̀nà tí ẹ gbà kọ ọ́ sílẹ̀ ló jẹ́ tiyín. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń gba ẹ̀tọ́ sórí nǹkan tuntun tí èèyàn ṣe, ẹ máa rí "in one embodiment", kì í ṣe èèyàn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà ṣe nǹkan náà ni. Kódà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, tí wọ́n bá ní wọ́n ti embody àwọn ọmọ ogun ìlú, wọ́n ti kó wọn jọ fún iṣẹ́ ogun ni.

Fún ti Màmá, ohun tí èmi máa kọ ni "Màmá gbé sùúrù wọ̀ bí ẹ̀wù." Ó dùn létí, àwọn ará ìjọ á sì mọ̀ ọ́n, wọ́n ti gbọ́ "ẹ gbé wọ̀" nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù dáadáa.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì:

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ṣeé bọ́. Ohun tí èèyàn wọ̀ láàárọ̀ tó bọ́ lálẹ́, ṣé embody nìyẹn? Sùúrù tó jẹ́ ẹ̀wù, tí oòrùn bá mú ńkọ́? Àwọn àgbà ní ìwà ní í bá ni dé sàréè, wọn ò ní ẹ̀wù ní í bá ni dé ibẹ̀. Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ò ní ṣeé bọ́.

Ọmọ Alágbàáà:

Mo ti ń kà á láti àárọ̀ mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yìí ti dé ilé wa, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Tíṣà, kì í ṣe gbogbo ohun tí èèyàn ń gbé wọ̀ ló jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń fi bo ara lásán. Inú agbo ilé eégún ni wọ́n bí mi sí. Tí eégún bá gbé agọ̀ wọ̀ tó jáde, ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnì kankan sọ pé "eléyìí dúró fún baba ńlá wa", wọ́n á ní "Bàbá dé!" ni. Àgbàlagbà tó fi ọdún púpọ̀ ju ẹni tó wà nínú agọ̀ lọ á kúnlẹ̀, á ní kí Bàbá súre fún òun, á sì máa ké àmín. Ará ọ̀run la pè é, kì í ṣe àwòrán ará ọ̀run. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ gan-an kì í ṣe ohùn ẹni tí ẹ jọ jẹun lánàá. Aṣọ yẹn ni ara tí ẹni tó ti lọ fi padà wá, láìsí aṣọ, Bàbá ò lè dé. Nítorí náà tí ògbufọ̀ bá ní "gbé wọ̀", ní ilé tiwa, embody gidi nìyẹn.

Ẹ fi ìyẹn wé fọ́tò Màmá tí wọ́n máa tẹ̀ sí iwájú ìwé ìsìnkú. Fọ́tò yẹn dúró fún wọn, a mọ̀ pé àwọn kọ́ nìyẹn, ìdí tí ẹkún fi ń gbọ̀n wá tí a bá wò ó náà nìyẹn. Ère ìbejì ńkọ́? Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á dá tiyín sí. Láyé àwọn ìyá wa, tí ọ̀kan nínú ìbejì ò bá dúró, wọ́n á gbẹ́ ère, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, á ran aṣọ sí i lọ́rùn, á tẹ́ ẹ sùn. Ẹni tó bá ń wo ère yẹn nínú gíláàsì ní mùsíọ́mù lè sọ pé ó represent ọmọ, ìyá tó wẹ̀ ẹ́ ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láé. Nǹkan kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, ó kù sí ẹni tó ń wò ó.

Èyí tí Tíṣà sọ nípa symbolon, àwa náà ní i, àrokò ni. Owó ẹyọ mẹ́fà tí èèyàn so pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ̀fà ni, "ọkàn mi fà sí ọ" nìyẹn. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ, "a jọra, ọ̀rọ̀ wa jọ". Méjì tí wọ́n kojú síra wọn, ìrẹ́pọ̀, tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti wọ̀ ọ́. Owó ẹyọ ò ní ìfẹ́ kankan nínú o, ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá tó bá ka mẹ́fà kò ní rí nǹkankan níbẹ̀ ju mẹ́fà lọ. Ìró ọ̀rọ̀ àti àdéhùn ló ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni symbolise, kò sì jọ ti eégún rárá.

Ará Bahia:

Ẹ kú ìjíròrò o. Salvador ní Brazil ni mò ń gbé. Ohun tí Tíṣà sọ nípa incorporare mú orí mi wú, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń lò níbí títí di òní fún ẹni tí òrìṣà tàbí ẹ̀mí bá gùn, wọ́n á ní ó "incorporou". Ní Cuba, "caballo" ni wọ́n ń pe onítọ̀hún, ẹṣin, torí òrìṣà ló gùn ún, bí àwọn ará ilé ṣe ń sọ ọ́ pé Ṣàngó gun ẹlẹ́gùn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n gbé sọdá òkun tí wọ́n sì fi èdè míì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí Ìyá Ìbejì má lo "gùn" fún Màmá, torí ohun tó bá gùn èèyàn máa sọ̀ kalẹ̀ tó bá yá, sùúrù Màmá ò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kankan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀:

Ẹ má gbàgbé personify, torí òun ló sún mọ́ embody jù, àwọn èèyàn sì ń dà á pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé ni ìfohunpènìyàn, kéèyàn mú nǹkan tí kì í ṣe èèyàn kó fún un ní ìṣe èèyàn. Nínú ẹsẹ Ifá, Ìwà di obìnrin, ó jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà, ó kúrò nílé, Ọ̀rúnmìlà wá a káàkiri ilé àwọn ènìyàn. Níbẹ̀, èrò ló kọ́kọ́ wà tí wọ́n fi dá èèyàn. Embody, èèyàn gidi ló kọ́kọ́ wà, tó bímọ, tó tajà, tó ń jẹun, tí a wá rí èrò náà lára ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé "she is patience personified", ìyẹn àti embody ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lórí ahọ́n.

Ní ti Yorùbá, mo rò pé "Sùúrù ló di ara nínú Màmá" ló péye jù. Bí Bíbélì wa ṣe sọ ọ́ nínú Jòhánù orí kìíní nìyẹn, Ọ̀rọ̀ náà sì di ara.

Ògbufọ̀ Kọ́ọ̀tù:

Ó péye, ṣùgbọ́n má fi síbẹ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ní ìsìn òkú, níwájú àwọn ará ìjọ, "di ara" yẹn ti ní ẹni tó ni ín. Wọ́n á gbọ́ ọ bíi pé ẹ fi Màmá wé Jésù, àwọn kan á sì máa wo ojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan, ibi tí etí àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ńkọ́?

Ìyá Àgbà Oríta:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ẹ̀, mo sì dúpẹ́, ẹ ti jẹ́ kí n mọ nǹkan. Èmi ò lọ yunifásítì, tíṣà pírámárì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ṣùgbọ́n mo ti kọ ìwé ìsìnkú fún èèyàn tó pọ̀. Ohun tí mo rí ni pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kó mú ọ̀rọ̀-orúkọ aláfòyemọ̀ kan, patience, hope, courage, kó gbé e ka iwájú èèyàn bí ẹrù. Gbogbo ọlọ́lá tí wọ́n bá pè sórí pèpéle níbí, "an embodiment of knowledge" ni, ẹni tó ń pè é ò sì ní sọ nǹkan kan tí ọlọ́lá náà mọ̀. Yorùbá ò kọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹ fi ara hàn án. Ṣé ẹ rí i, body náà nìyẹn. "Sùúrù ń bẹ lára ẹ̀." "Ìwà hàn lára ẹ̀." "Ojú ẹ̀ ni inú rere wà." Láti kékeré la ti ń sọ embody láìmọ̀ pé òun ni.

Torí náà ìyàwó wa, sọ fún mi, kí ni Màmá máa ń ṣe tí ẹ fi mọ̀ pé wọ́n ní sùúrù? Má sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Sọ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún mi ká ní a jókòó pọ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣé gan-an màmá. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ka ìbéèrè yín.

Ní ìsọ̀ wọn ní Gbági, oníbàárà á ní kí wọ́n tú àǹkárá wò, wọ́n á tú u, á ní òun fẹ́ òmíràn, wọ́n á tú u, òmíràn, òmíràn, títí ilẹ̀ á fi kún, oníbàárà á wá ní òun ń bọ̀, á sì lọ. Àwa ọmọ ìsọ̀ á ti dijú pọ̀. Màmá á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa ká aṣọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, etí sí etí, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ́ ẹ, wọn ò ní kùn, wọn ò ní pòṣé, tí ẹ bá sọ̀rọ̀ oníbàárà yẹn láìdáa wọ́n á ní "Kò tíì rí èyí tó bá a lára mu ni." Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wọn, tí mi ò mọ nǹkan kan dá, tí mo jó ọbẹ̀, tí mo sì ń fèsì nígbà tí kò yẹ, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ yẹn náà ni wọ́n ṣe ká mi. Mi ò rí ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ìyá Àgbà Oríta:

O ti tú u. Kọ èyí tó o kọ yẹn sílẹ̀, kí gbólóhùn kan ṣoṣo wá tẹ̀ lé e.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì:

Mo fara mọ́ ọn. Tí ẹ bá sì ṣì fẹ́ gbólóhùn kúkúrú tó dá dúró, torí àwọn tó kọ Gẹ̀ẹ́sì náà máa fẹ́ rí tiwọn níbẹ̀, ẹ lè lo "Sùúrù ò sí lẹ́nu Màmá, ara wọn ló wà." Ara yẹn kò ṣeé bọ́, kò sì gba ipò ẹnì kankan.

Ọmọ Alágbàáà:

Ìyẹn dáa. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wù sílẹ̀ fún un.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mo kọ ọ̀rọ̀ aṣọ kíká yẹn, mo dín in kù díẹ̀, mo yọ ti ọbẹ̀ tó jó kúrò torí ọkọ mi ní kí n yọ ọ́, mo wá fi ti Tíṣà parí ẹ̀: "Sùúrù ò sí lẹ́nu Màmá, ara wọn ló wà." Mo kà á fún àbúrò bàbá ọkọ mi lálẹ́ àná. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n tún ibi tí Màmá ti ń ká aṣọ yẹn kà, mo tún un kà, wọ́n ní "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Etí sí etí." Ìwé ti lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé láàárọ̀ yìí.

Ó ku "her legacy lives on" tí ọmọ wọn kẹta kọ sí ìparí, ìyẹn ń bọ̀ lọ́tọ̀, tí mo bá ti fún àwọn ìbejì lóúnjẹ tán.